Ọmọ 52, ogún ìṣẹ́jú lọ́sẹ̀: ibo la ti ń bẹ̀rẹ̀ ẹ̀kọ́ ìbínú, ẹ̀rù àti ìbágbépọ̀ ní pírámárì?

TíṣàKejì
Ẹ kú iṣẹ́ o, ẹ̀yin ará ibí. Kíláàsì pírámárì kejì lọ̀rọ̀ mi dá lé: ọmọ 52, ọjọ́ orí wọn wà láàárín ọdún mẹ́fà sí mẹ́sàn-án. Ilé ìwé ya ogún ìṣẹ́jú sọ́tọ̀ ní àárọ̀ Mọ́ńdè, lẹ́yìn àsẹ́ńbílì, pé ká máa fi kọ́ wọn bí wọ́n ṣe máa mọ ohun tó ń ṣe wọ́n nínú, bí wọ́n ṣe máa kó ara wọn níjàánu, àti bí wọ́n ṣe máa bá ẹlòmíì gbé. Amẹ́ríkà ni wọ́n ti tẹ ìwé tí wọ́n fún wa. Ojú mẹ́rin ló wà níbẹ̀: èyí tó ń rẹ́rìn-ín, èyí tó ń sunkún, èyí tó le koko, èyí tó yanu. Àwọn ọmọ ti há a sórí bí ewì. Aago bíréèkì lù báyìí, ẹ̀ṣẹ́ ló kù. Pẹ́ńsù ni wọ́n ń jà sí, àti àyè lórí bẹ́ǹṣì, àti ta ló máa kọ́kọ́ débi ẹ̀rọ omi. Kí ni kí tíṣà kọ́kọ́ gbájú mọ́? Ohun tí kò ní ná wa lówó ni mò ń wá o.

Olùdámọ̀ràn_Ọ̀ṣun
Ẹ kú iṣẹ́, TíṣàKejì. Ẹ kọ́kọ́ tú ogún ìṣẹ́jú yẹn ká. Ìṣẹ́jú mẹ́rin lójoojúmọ́, tí ẹ bá ti pe rẹ́jísítà tán, sàn ju ogún ìṣẹ́jú ẹ̀ẹ̀kan lọ́sẹ̀ lọ. Ohun tí ọmọ ọdún méje gbọ́ ní Mọ́ńdè, tí kò sì tún fọwọ́ kàn títí Mọ́ńdè mìíràn fi dé, kò ní rántí rẹ̀ lọ́jọ́ tí wọ́n bá já pẹ́ńsù gbà mọ́ ọn lọ́wọ́.

Ní ọdún 2011, àwọn oníwàádìí kan kó àbájáde ètò 213 irú èyí jọ, èyí tó kan àwọn ọmọ tó lé ní 270,000, láti jẹ́lé-ó-sinmi títí dé girama. Iṣẹ́ ìwé àwọn ọmọ náà gòkè pẹ̀lú: ọmọ tó wà ní àárín gbùngbùn, tí 50 nínú ọgọ́rùn-ún wà lẹ́yìn rẹ̀, di ẹni tí nǹkan bíi 61 wà lẹ́yìn rẹ̀. Àmọ́ gbogbo ètò kọ́ ló rí bẹ́ẹ̀. Àwọn tó gbé e ni àwọn tí ẹ̀kọ́ wọn tẹ̀ léra, tí ọmọ fúnra rẹ̀ ń ṣe é dípò kó máa gbọ́ ọ lẹ́nu tíṣà, tó ní àkókò tirẹ̀, tó sì dárúkọ ohun kan pàtó tí wọ́n ń kọ́. "Ìwà rere" kì í ṣe ohun kan pàtó. "Bí a ṣe ń dúró de ẹlòmíì láì tì í" ni ohun pàtó.

Ọ̀nà márùn-ún ni wọ́n sábà máa ń pín in sí: kí ọmọ mọ ara rẹ̀, kó kó ara rẹ̀ níjàánu, kó mọ ohun tó ń ṣe ẹlòmíì, kó mọ bí a ti ń báni gbé, kó sì lè pinnu ohun tó dáa. Ẹ má wulẹ̀ kọ márààrún sí pátákó. Méjì àkọ́kọ́ ti tó táàmù kan.

Aṣọ̀rọ̀Èdè
Ojú mẹ́rin yẹn gan-an ló ń dà yín láàmú. Èdè wa kì í wo ojú nìkan. Inú ló ń bíni, inú ló ń dùn, inú ló ń bàjẹ́. Ojú ló ń tini. Àyà ló ń já. Ọkàn ni kì í balẹ̀. Ẹ̀rù ń bani, àárò ń sọni. Ẹ wo bí gbólóhùn ṣe tò: nǹkan kan ló wá bá mi, ó bí mi nínú, ó sì lè kúrò. Ọmọ ọdún mẹ́fà ti ń sọ gbogbo èyí nílé kó tó dé ọ̀dọ̀ yín, ó sì mọ ibi tó ti ń ṣe é lára.

Torí náà, ẹ wá páálí firíìjì tàbí ti tẹlifíṣọ̀n ńlá. Kí ọmọ kan dùbúlẹ̀ lé e, kí ẹ fi ṣọ́ọ̀kì tọ etí ara rẹ̀ láti orí dé ẹsẹ̀. Ẹ ya ojú, àyà àti inú sí i, kí ẹ gbé e kọ́ ẹ̀gbẹ́ ilẹ̀kùn, kó má ga ju orí ọmọ lọ. Ọ̀rọ̀ méjì lọ́sẹ̀ fún ọ̀sẹ̀ mẹ́rin: inú mi dùn, inú bí mi, ẹ̀rù bà mí, àyà mi já, ojú tì mí, inú mi bàjẹ́, àárò ń sọ mí, ojú ń kán mi. Lójoojúmọ́, ọmọ mẹ́wàá tàbí mọ́kànlá á fọwọ́ kan ibi tó ń ṣe wọ́n lára páálí, á sì sọ gbólóhùn kan ṣoṣo. Àwọn tó kù á fọwọ́ kan ara tiwọn ní ìjókòó. Ní Fúráìdè gbogbo wọn á ti kàn án.

"Ó dùn mí" máa da nǹkan rú, torí ẹsẹ̀ tó kọ òkúta àti ọ̀rọ̀ tí ọ̀rẹ́ sọ, "ó dùn mí" náà ni. Ẹ kàn bi í pé, "Níbo ló ti ń dùn ẹ́?" Á fi hàn yín. Owú àti ìlara ńkọ́? Ọmọ tí ọ̀rẹ́ rẹ̀ lọ bá ẹlòmíì ṣeré ń jowú. Ẹni tí báàgì ọmọ ẹlòmíì wọ̀ lójú ń ṣe ìlara. Wọ́n yàtọ̀, ṣùgbọ́n ẹ má kọ́ wọn ní pírámárì kejì. Láàárín ọjọ́ méjì wọ́n á ti sọ ọ́ di èébú, "onílara, onílara". Ó kan tíṣà náà o: ẹni tó bá pe ọmọ ní "oníbìínú" lójú ẹgbẹ́ rẹ̀ ti mú ohun tó yẹ kó kọjá lọ, ó fi sọ ọ́ lórúkọ.

Tí ọ̀gá ilé ìwé bá ní Gẹ̀ẹ́sì ni dandan, ẹ rán an létí iṣẹ́ tí Ọ̀jọ̀gbọ́n Babs Fáfúnwá àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ bẹ̀rẹ̀ ní Ilé-Ifẹ̀ ní ọdún 1970. Yorùbá ni wọ́n fi kọ́ àwọn ọmọ fún odidi ọdún mẹ́fà, Gẹ̀ẹ́sì sì jẹ́ iṣẹ́ kan láàárín iṣẹ́. Àwọn ọmọ náà ò rẹ̀yìn, nínú Gẹ̀ẹ́sì pàápàá.

Bàbá_Alábọ̀dé
Ẹ má bínú o, ṣùgbọ́n ilé la ti ń kó ẹ̀ṣọ́ ròde. Ọmọ tí wọ́n kọ́ nílé, tó ń kúnlẹ̀ kí ìyá rẹ̀, tó mọ̀ pé a kì í wo àgbà lójú jiyàn, kí ni páálí firíìjì fẹ́ kọ́ ọ? Láyé ijọ́un, àlọ́ ni wọ́n fi ń kọ́ ọmọ, pàṣán sì wà lájà. Ìṣirò tí wọn ò tíì mọ̀ lẹ tún fẹ́ gé lẹ́sẹ̀.

Olùdámọ̀ràn_Ọ̀ṣun
Bàbá, ẹ kú ọ̀rọ̀. Ẹ jẹ́ ká wò ó báyìí, sà. Nílé, ọmọ márùn-ún, ọjọ́ orí wọn ò dọ́gba: ẹ̀gbọ́n wà, àbúrò wà, gbogbo wọn mọ ẹni tó máa kọ́kọ́ bu ẹran, aáwọ̀ kì í sì í pẹ́ kó tó dé iwájú àgbà. Nínú kíláàsì, 52 ni ojúgbà ara wọn. Àgbà kan ṣoṣo ló wà níbẹ̀, ó sì kọ ẹ̀yìn sí wọn, ó ń kọ nǹkan sí pátákó. Ẹ̀kọ́ ilé kọ́ ọmọ bí a ti ń bọ̀wọ̀ fún ẹni tó juni lọ. Bó ṣe máa sọ fún ojúgbà rẹ̀ pé "èyí tí o ṣe yẹn ò tẹ́ mi lọ́rùn", láì gbá a létí, kò fi bẹ́ẹ̀ rí i kọ́ nílé. Ibi tó ṣófo nìyẹn.

Ní ti pàṣán, ohun tó ń kọ́ ọmọ ni ibi tí ojú tíṣà kì í tó. Ẹ lọ ka ìjà tó ń ṣẹlẹ̀ lẹ́yìn ilé ìgbọ̀nsẹ̀. Ní ti ìṣirò, ìṣẹ́jú mẹ́rin la ní ká mú. Ìjà pẹ́ńsù kan ń jẹ jù bẹ́ẹ̀ lọ.

Àlọ́Apàgbè
Bàbá ò jẹ̀bi lórí àlọ́ o. Bí a ṣe ń pa á la fi ń bà á jẹ́. A ó pa á tán pátápátá, a ó wá béèrè pé kí ni ìtàn yìí kọ́ wa, gbogbo kíláàsì á hó pé "Ká má jalè!" Ó tán.

Ẹ dá a dúró láàárín. Ẹ mú ti Ìjàpá tó lọ kí àna rẹ̀, tó bu ẹ̀bẹ gbígbóná sínú fìlà, tó sì dé e mọ́rí nígbà tó gbúròó ẹsẹ̀ àna. Àna ò wá jẹ́ kó lọ. Ó ń kí i, ó ń béèrè ará ilé lọ́kọ̀ọ̀kan. Ẹ dúró níbẹ̀ yẹn. "Kí ló ń ṣe orí Ìjàpá? Kí ló ń ṣe ojú rẹ̀? Èwo ló le jù?" Àwọn kan á ní orí tó ń jó ni, àwọn kan á ní ojú tó ń tì í ni. Ẹ jẹ́ kí wọ́n jiyàn rẹ̀. Ẹ wá ní, "Kí ló lè sọ báyìí, tí orí rẹ̀ ò ní bó?"

Méjì-méjì ni kí wọ́n kọ́kọ́ sọ ọ́ fún ara wọn, ìṣẹ́jú kan, lẹ́yìn náà kí ẹ gbọ́ ti ẹni mẹ́ta. Tí ẹ bá bẹ̀rẹ̀ pẹ̀lú "ta ló mọ̀ ọ́n?", ọmọ mẹ́fà kan náà ló máa nawọ́ títí táàmù á fi parí. Kí ẹ sì ka ení dé àrún nínú yín kí ẹ tó pe ẹnikẹ́ni. Ẹni tó ń wá ọ̀rọ̀ sí ohun tó wà nínú rẹ̀ ń pẹ́ ju ẹni tó ń ro 3 mọ́ 4 lọ.

TíṣàKejì
Ẹ ṣé gan-an. Ohun kan wà nínú ìwé náà: tí inú bá bí ọmọ, kó wọ inú ìkarahun bí ìjàpá, kó mí. Yẹ̀yẹ́ ni tiwa ń fi í ṣe. Ṣé kí n fi sílẹ̀ ni?

Ìyá_Jẹ́lésinmi
Ẹ má fi sílẹ̀, ẹranko ni kí ẹ pààrọ̀. Ìjàpá tí àwọn ará Amẹ́ríkà gbé e lé ní nǹkan bí àwọn ọdún 1970 kò ní ìtàn kankan lẹ́yìn, jẹ́jẹ́ rẹ̀ ló ń lọ. Tiwa ńkọ́? Ọmọ Yorùbá tí ẹ bá ní kó ṣe bí Ìjàpá, jìbìtì ni ọkàn rẹ̀ máa lọ. Ẹ lo ìgbín. Ẹran ẹ̀rọ̀ ni, omi rẹ̀ tutù, kò sí ọmọ tí kò mọ̀ pé tí a bá fọwọ́ kàn án, á wọlé, á dúró, á tún yọjú díẹ̀díẹ̀. Yíyọjú yẹn làwọn tíṣà máa ń gbàgbé. Wọ́n á kọ́ ọmọ ní wíwọlé, wọn ò ní kọ́ ọ ní ohun tó máa sọ tó bá jáde.

Bó ṣe lọ nìyí. Ọmọ á sọ "dúró" fún ara rẹ̀. Á ká ọwọ́ mọ́ àyà, ọ̀tún lórí èjìká òsì, òsì lórí èjìká ọ̀tún (ọwọ́ tó wà lórí èjìká ò lè gbá ẹnikẹ́ni, ìdí tí a fi ń ṣe é nìyẹn). Á tẹrí ba. Á fa èémí símú, ka 3, á sì fẹ́ ẹ jáde lẹ́nu, ka 5, bí ẹni tó ń fẹ́ ẹ̀kọ gbígbóná tí kò fẹ́ kó ta sí òun lára. Ẹ̀ẹ̀mẹta. Á wá yọjú: á gbé orí sókè, á wo ẹni náà, á sọ gbólóhùn kan, bíi "Pẹ́ńsù mi lo mú yẹn. Inú bí mi. Dá a padà."

Ìfẹ́jáde gbọ́dọ̀ gùn ju ìfàsínú lọ. Òun ló ń mú kí àyà rọlẹ̀. Tí wọ́n bá ń sáré mí, òòyì á kọ́ wọn, wọ́n á sì gbádùn òòyì náà débi pé wọ́n á máa ṣubú lu ara wọn. Ẹ fún ọmọ kọ̀ọ̀kan ní ìyẹ́ adìyẹ kan kó gbé e síwájú ẹnu: kó máa mì, kó má fò.

Ọ̀sẹ̀ méjì gbáko ni kí wọ́n fi máa ṣe é nígbà tí inú ẹnikẹ́ni ò bí. Kó tó di ọ̀sẹ̀ kẹta, ẹ má retí ẹ̀ nínú ìjà. Ẹ lè lo eré ẹkùn mẹ́ran fún un: tí ẹkùn bá ti já agbo, tí àyà gbogbo wọn ń lù kìkì, kí wọ́n gbé ọwọ́ lé àyà, wọ ìkarahun lẹ́ẹ̀mẹta, kí wọ́n tún gbé ọwọ́ lé e. Àyà tó ń sáré nítorí eré àti èyí tó ń sáré nítorí ìbínú ò fi bẹ́ẹ̀ yàtọ̀. Ọmọ á ti fi ọwọ́ ara rẹ̀ mọ bó ṣe ń rọlẹ̀.

Ohun tó ń pa á ni tíṣà tó ń jágbe pé "Wọ ìkarahun ẹ!" Ìjìyà ti dé nìyẹn. Ẹ̀yin gan-an ni kí ẹ wọ̀ ọ́ lójú wọn nígbà tí ariwo bá pọ̀.

Àdìsá_Pápá
Gbogbo èyí dára nínú kíláàsì. Tó bá débi ẹ̀rọ omi ńkọ́?

Olùdámọ̀ràn_Ọ̀ṣun
Ẹ lọ kọ́ ọ níbi ẹ̀rọ omi. Ọmọ kékeré kì í gbé ohun tó kọ́ lórí bẹ́ǹṣì lọ síta fúnra rẹ̀. Ẹ mú wọn débẹ̀ lọ́jọ́ méjì tí òùngbẹ ò gbẹ wọ́n, kí ọmọ méjì ṣe bí ẹni tó ń ti ara wọn, kí ẹni ẹ̀yìn sọ gbólóhùn rẹ̀.

Ṣùgbọ́n kí ẹ tó ṣe bẹ́ẹ̀, ẹ fi ọ̀sẹ̀ kan ka ìjà. Ẹ pín bébà kan sí ojú mẹ́rin: kíláàsì, ẹ̀rọ omi, pápá, ọ̀nà ilé ìgbọ̀nsẹ̀. Ìjà kan, ìlà kan, kí ẹ sì kọ ohun tí wọ́n jà sí sẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀ ní ọ̀rọ̀ kan. Ẹ má kọ orúkọ ọmọ sí i, torí bébà máa ń sọnù. Tí ọ̀sẹ̀ bá parí, ẹ ó rí i pé gbogbo rẹ̀ kọ́ ni ìbínú, àìtó ni òmíì. Tí pẹ́ńsù 40 bá wà fún ọmọ 52, kò sí ìgbín tó máa parí ìjà yẹn. Ẹ fi pẹ́ńsù mẹ́fà sínú agolo mílíìkì, kí ẹ so òwú pupa mọ́ ìdí wọn kí wọ́n má bàa di ti ẹnikẹ́ni, kí ọmọ tó bá yá a fi bàtà ẹsẹ̀ kan dógò. Bàtà ṣáá ni kẹ́ ẹ gbà, kò sẹ́ni tó ń gbàgbé bàtà lọ sílé. Níbi ẹ̀rọ omi, bẹ́ǹṣì kan lẹ́ẹ̀kan ni kí wọ́n máa jáde, kí bẹ́ǹṣì tó ṣíwájú lónìí kẹ́yìn lọ́la. Ohun tó bá kù lẹ́yìn ìyẹn ni ẹ̀kọ́ yìí wà fún.

Aṣọ̀rọ̀Èdè
Ẹ jẹ́ n fi ti ẹ̀bẹ̀ kún un, torí ibẹ̀ la ti ń fi tipátipá bà á jẹ́ jù. "Ó yá, bẹ̀ ẹ́!" Ọmọ á ní "má bínú" lábẹ́ imú, á sì tún ti ẹnì kejì tí tíṣà bá ti yíjú. Ẹ wo ọ̀rọ̀ náà: "má bínú" ń sọ ohun tí ẹni tí a ṣẹ̀ máa ṣe, pé kó má bínú. Kò sọ ohun tí èmi ṣe. "Pẹ̀lẹ́" tún jìnnà sí i, nítorí ẹni tó ṣubú fúnra rẹ̀ náà là ń kí ní pẹ̀lẹ́. Kí ọmọ kọ́kọ́ dárúkọ ohun tó ṣe, kó bẹ̀bẹ̀, kó sì tún un ṣe: "Mo tì ẹ́ ṣubú. Kò dáa. Má bínú. Jẹ́ n bá ẹ gbọn yẹ̀pẹ̀ aṣọ ẹ." Àtúnṣe yẹn ni kò gbọ́dọ̀ yẹ̀.

Kí ẹni tí wọ́n ṣẹ̀ sì ní èsì méjì tó lè mú: "ó ti tán" tàbí "kò tíì tán nínú mi". Tó bá mú ìkejì, ẹ ní ẹ ó padà béèrè lẹ́yìn oúnjẹ, kí ẹ sì padà béèrè lóòótọ́. Ẹ má ní kí wọ́n dì mọ́ra.

Tí ọmọ ọdún mẹ́sàn-án bá wà láàárín wọn, àwọn kékeré ò ní lè sọ "lo mú" sí i. Ẹ jẹ́ kí wọ́n ní "Ẹ̀gbọ́n, pẹ́ńsù mi lẹ mú." Ọ̀wọ̀ ò ní kí wọ́n má gba pẹ́ńsù wọn.

OníÀmì
Fún ariwo àti ìdìde káàkiri, eré kan wà tí wọ́n kọ́kọ́ dán wò nínú kíláàsì kẹrin kan ní Kansas, ní Amẹ́ríkà, tí wọ́n sì tẹ àbájáde rẹ̀ jáde ní ọdún 1969. Ẹ pín kíláàsì sí ẹgbẹ́ mẹ́rin, kí àwọn tó máa ń dààmú má wà lójú kan. Ẹ sọ òfin mẹ́ta péré. Ẹ fi ìṣẹ́jú mẹ́wàá bẹ̀rẹ̀, nígbà tí wọ́n bá ń ṣe iṣẹ́ ìwé tí wọ́n mọ̀. Ẹni tó bá rú òfin, ẹgbẹ́ rẹ̀ gba àmì kan. Ẹ má pe orúkọ ọmọ, ẹ ní "ẹgbẹ́ kejì, òfin kìíní", ó tán. Gbogbo ẹgbẹ́ tí àmì rẹ̀ ò bá ju mẹ́rin lọ ló jáwé olúborí, ì báà jẹ́ mẹ́rẹ̀ẹ̀rin. Èyí ṣe kókó: iye àmì tí tíṣà fi lélẹ̀ ni wọ́n ń bá figagbága, kì í ṣe ara wọn. Ẹ̀bùn ò gbọ́dọ̀ jẹ́ bisikíìtì, owó yín ni. Orin kan, tàbí kí wọ́n fi ìṣẹ́jú méjì ṣíwájú lọ síbi bíréèkì.

Ọmọ kan á fẹ́ mọ̀ọ́mọ̀ ba ti ẹgbẹ́ rẹ̀ jẹ́ kí wọ́n lè máa wò ó. Tó bá di ẹ̀ẹ̀mejì, ẹ fi òun nìkan ṣe ẹgbẹ́ fún ọjọ́ méjì, láìsí ìwàásù, kí ẹ dá a padà. Ní Baltimore, wọ́n lò ó pẹ̀lú àwọn ọmọ kíláàsì kìíní láti ọdún 1985, wọ́n sì tọ wọ́n lẹ́yìn títí wọ́n fi dàgbà; àwọn ọmọkùnrin tó máa ń jà jù ló jèrè rẹ̀ jù.

Bàbá_Alábọ̀dé
Ó dáa, mo gbọ́. Ọmọ tí ìbínú rẹ̀ kì í ṣe ti pẹ́ńsù wá ńkọ́? Èyí tó gbé e láti ilé wá.

Olùdámọ̀ràn_Ọ̀ṣun
Ìbéèrè gidi nìyẹn, sà. Ẹ̀kọ́ kíláàsì ò tó irú ẹni bẹ́ẹ̀, a ò sì gbọ́dọ̀ fi ṣe é. Níbi páálí yẹn, kí ọmọ ní ẹ̀tọ́ láti sọ pé "mo fò ó", kẹ́nikẹ́ni má bi í pé kí ló dé. Ẹ má béèrè ọ̀rọ̀ ilé ní gbangba láé. Ohun tí ọmọ bá sọ níwájú 51, wọ́n á gbé e dé ojúbodè kó tó di ìrọ̀lẹ́.

Ẹ máa ṣọ́ ọmọ tó ń wárìrì tí ọwọ́ bá gbéra lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀, tí ojú ọgbẹ́ rẹ̀ ń tún yọ, tó ń kó oúnjẹ pamọ́ sápò, tàbí tó jẹ́ aláriwo tó wá dákẹ́ lójijì. Ẹ kọ ọjọ́ náà sílẹ̀ àti ohun tó sọ, bó ṣe sọ ọ́ gẹ́lẹ́. Ẹ má ṣèlérí pé ẹ ò ní sọ fún ẹnikẹ́ni. Ẹ má wádìí rẹ̀ bí ọlọ́pàá, ẹ má sì dá nìkan lọ ko àwọn òbí lójú. Ọjọ́ náà gan-an ni kó dé ọ̀dọ̀ ọ̀gá ilé ìwé tàbí olùdámọ̀ràn. Òfin Ẹ̀tọ́ Ọmọdé ti wà láti ọdún 2003, àwọn ìpínlẹ̀ ilẹ̀ Yorùbá sì ti sọ ọ́ di tiwọn.

TíṣàKejì
Ẹ ṣé o, ẹ̀yin àgbà. Ọ̀sẹ̀ yìí, kíkà ìjà nìkan. Ọ̀sẹ̀ tó ń bọ̀, páálí pẹ̀lú ọ̀rọ̀ méjì, ká sì bẹ̀rẹ̀ sí í kọ́ wọn ní ìgbín. Báwo ni mo ṣe máa mọ̀ pé ó ń ṣiṣẹ́? Wọ́n ní kí n ṣe ìdánwò.

Olùdámọ̀ràn_Ọ̀ṣun
Ìdánwò á kàn sọ ẹni tó mọ ọ̀rọ̀ sórí fún yín. Ẹ tún gbé bébà olójú mẹ́rin yẹn jáde ní ọ̀sẹ̀ kẹfà àti ọ̀sẹ̀ kọkànlá, ọjọ́ márùn-ún kan náà, ẹni kan náà ló ń kà. Ó lè pọ̀ sí i ní ọ̀sẹ̀ kẹfà, torí àwọn ọmọ á ti máa wá fẹjọ́ sùn nípa ohun tí wọ́n ń dákẹ́ sí tẹ́lẹ̀. Ẹ jẹ́ kí ọ̀gá mọ̀ ṣáájú.

Ìyá_Jẹ́lésinmi
Kí ẹ sì ní ìyẹ́ adìyẹ tó pọ̀ nílẹ̀ o. Wọ́n á kó o sápò lọ sílé ni.